Ẹ Má Fi Òru Kan Wọn Fájuyì

Bí oṣù Keje bá ti ń lọ sópin, àríyànjiyàn kan wà tí kì í tán lábẹ́ afárá Sángo. Àwọn tó máa ń dúró ka àkọlé ìwé ìròyìn láìra ọ̀kan ló sábà máa ń dá a sílẹ̀ nídìí tábìlì fẹ́ńdọ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ á gbà á lẹ́nu wọn, wọ́n á fà á gba ọ̀nà Ìdírókò, títí ọkọ̀ á fi dé Ìjù, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Covenant àti àwọn òṣìṣẹ́ ilé-iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀ kalẹ̀. Ọ̀kan á ní kò sí ọkùnrin bí Adékúnlé Fájuyì mọ́ nílẹ̀ Yorùbá, ẹni tó kọ̀ láti fa àlejò rẹ̀ lé apani lọ́wọ́, tó sì bá a kú. Èkejì á rẹ́rìn-ín: ta ló wà níbẹ̀? Òun náà ni wọ́n wá pa, ẹ má pa àlọ́ fún wa. Ẹni àkọ́kọ́ á ní ẹ wá gbọ́ ohun tí ọmọ Yorùbá ń sọ sí òkú akọni. Ọ̀rọ̀ á di ariwo, dírẹ́bà á sì bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kóun gbọ́ ẹni tó ní òun fẹ́ bọ́ọ́lẹ̀.

Àwọn méjèèjì ni mo fẹ́ bá jà. Wọ́n rò pé ọ̀tá ara wọn làwọn, bẹ́ẹ̀ orí ẹní kan náà ni wọ́n jókòó sí. Ohun tí àwọn méjèèjì gbà ni pé òru ọjọ́ 28 mọ́jú ọjọ́ 29, oṣù Keje, ọdún 1966, ni gbogbo ọ̀rọ̀ Fájuyì wà. Bó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀ lóru yẹn, akọni ni; bí kò bá yọ̀ǹda, kò jẹ́ nǹkan kan. Èmi ní ọkùnrin náà ti lo ọdún 23 nínú iṣẹ́ ológun kó tó di òru yẹn. Àmì ẹ̀yẹ méjì ló ti wà láyà rẹ̀, ọ̀kan nínú wọn sì jẹ́ ti akin lójú ogun gan-an. Mélòó nínú àwa tí a ń pariwo nínú ọkọ̀ ló lè dárúkọ wọn?

Ohun tí kò sí awuyewuye nínú rẹ̀ nípa òru náà kò pọ̀. Ọ̀gágun Johnson Aguiyi-Ironsi, olórí ìjọba ológun, wá sí Ìbàdàn láti bá àwọn ọba àti ìjòyè láti gbogbo ẹkùn Nàìjíríà ṣèpàdé. Ilé ìjọba ní Agodi ló sùn, lọ́dọ̀ Fájuyì tó jẹ́ gómìnà ológun Ìwọ̀-Oòrùn láti oṣù Kìn-ín-ní ọdún náà. Lóru, àwọn ọmọ ogun tó wá láti Àríwá dìtẹ̀, wọ́n ń gbẹ̀san ìdìtẹ̀ tó pa àwọn àgbà wọn ní oṣù Kìn-ín-ní. Nígbà tí ilẹ̀ yóò fi mọ́, wọ́n ti yí ilé náà ká, Mejọ Theophilus Danjuma ló ṣáájú wọn. Wọ́n mú àlejò, wọ́n mú onílé. Wọ́n gbé wọn gba ọ̀nà Ìwó, wọ́n sì pa wọ́n nínú igbó nítòsí Lálúpọn. Danjuma fúnra rẹ̀ ti sọ lẹ́yìn náà pé mímú lòun wá mú Ironsi, àwọn ọmọ ogun ló já a gbà mọ́ òun lọ́wọ́.

Ohun tí wọ́n wí fún ara wọn nínú ilé yẹn ni àríyànjiyàn dá lé. Àwọn tó yè é kò pọ̀, ẹnu wọn kò sì kò. Bí ẹ bá bi mí, mo gbà pé Fájuyì kì í ṣe irú ẹni tó lè ti àlejò síta kó padà lọ sùn. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbà láìrí nìyẹn, mi ò sì lè gbé iyì ọkùnrin náà ka orí rẹ̀. Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀: bí ọ̀gá sójà kan bá ti fẹ̀yìn tì tó kọ ìwé ìrántí tirẹ̀, tó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló rí, ìdajì Yorùbá á dìde láti gbèjà Fájuyì, ìdajì yòókù á ní àwọn ti wí tẹ́lẹ̀. Akọni wo ni ojú ewé kan nínú ìwé ẹlòmíràn lè gbé ṣubú? Àwa la gbé e ka ibi tí kò le.

Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ síbi tó le. Ibẹ̀ ni Kóńgò.

Ọjọ́ 30, oṣù Kẹfà, ọdún 1960 ni Kóńgò gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn ará Bẹ́ljíọ̀mù. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan tí àwọn ọmọ ogun rẹ̀ fi dìtẹ̀. Ní ọjọ́ 11, oṣù Keje, Moïse Tshombe kéde pé Katanga, ẹkùn tí bàbà ilẹ̀ náà wà, ti dá dúró. Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé kó ọmọ ogun láti orílẹ̀-èdè púpọ̀ lọ síbẹ̀. Nàìjíríà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira tirẹ̀ ní ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù Kẹwàá kó tirẹ̀ dé ní oṣù Kọkànlá. Òmìnira ti dé, ṣùgbọ́n orúkọ ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì ṣì wà lára ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa, òyìnbó ló sì ń ṣe olórí bàtálíọ̀nù. Nínú bàtálíọ̀nù kẹrin, lábẹ́ Kọ́nẹ́ẹ̀lì Price, Mejọ Fájuyì ni olórí kọ́ńpínì C.

Àríwá Katanga ni wọ́n rán wọn sí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ irú ibi tó jẹ́, kó bi àwọn ará Áyálándì. Ní ọjọ́ 8, oṣù Kọkànlá, ọdún 1960, ọmọ ogun Áyálándì mọ́kànlá jáde lọ wo ọ̀nà nítòsí Niemba ní àríwá Katanga yẹn kan náà. Wọ́n bọ́ sí ibùba. Mẹ́sàn-án kú nínú wọn, méjì péré ló yè. Ọdún méjì kọjá kí wọ́n tó rí òkú ẹni ìkẹyìn, Anthony Browne, òun sì ni ọmọ ogun àkọ́kọ́ tí Áyálándì fún ní àmì ẹ̀yẹ akin tó ga jù lọ nínú iṣẹ́ ológun wọn. Títí di òní, wọ́n ń dárúkọ Niemba nílẹ̀ wọn.

Irú ibùba bẹ́ẹ̀ ni Fájuyì àti àwọn ọmọ rẹ̀ kó sí ní ọdún 1961. Ó kó wọn jáde. Ohun tí Gẹ̀ẹ́sì torí rẹ̀ fún un ní Military Cross nìyẹn, pẹ̀lú iṣẹ́ rẹ̀ yòókù ní àríwá Katanga. Gbólóhùn kan ni nínú ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀, ojú wa sì ti ń fò ó láti ọdún yìí wá, nítorí àwọn ènìyàn inú rẹ̀ yè, ìtàn ẹni tó yè kì í sì í pa wá lẹ́kún.

Bàbá kan wà tó ń ṣọ́ géètì ilé-iṣẹ́ kan ní Ìjù. Sójà ni nígbà ayé rẹ̀, ó bá ECOMOG lọ sí Làìbéríà. Àga oníke ló máa ń jókòó lé, bàtà rẹ̀ kì í ṣàìdán, kò sì sí ọkọ̀ àjàgbé tí yóò wọlé tí kò ní rìn yí ká kó tó ṣí géètì, ì báà jẹ́ pé ọ̀gá ni ó wà nínú rẹ̀. Mo bi í ohun tí ó túmọ̀ sí kí ènìyàn kó ọmọ ogun jáde nínú ibùba. Ó kọ́kọ́ wò mí bí ẹni tó ń wo ọmọdé. Ó ní: "Àbúrò, nínú àmbúṣì, ẹni tó dúró ti kú, ẹni tó sá ti kú. Wọ́n ti mọ ibi tí o máa dúró, wọ́n ti mọ ibi tí o máa sá gbà, ibẹ̀ náà ni wọ́n dojú ìbọn kọ. Àfi kí ẹnì kan mọ ibi tí ìbọn ti ń wá, kó pariwo ohun tí wọ́n máa ṣe, kí wọ́n sì gbọ́ tirẹ̀ láàárín ariwo yẹn. Àwọn kan á máa yìnbọn, àwọn kan á máa rìn, wọ́n á gba ara wọn. Àwọn tó fara gbọta ńkọ́? Wàá gbé wọn. Tẹ́ ẹ bá jáde, wàá kà wọ́n." Ó sinmi díẹ̀. "Ọ̀gá tí kò bá kà wọ́n, mi ò lè bá a lọ mọ́."

Mo sọ fún un pé Fájuyì ṣe bẹ́ẹ̀ ní Kóńgò. Kò mọ̀. Ó mọ ti àlejò, gbogbo wa la mọ ti àlejò. Ohun tó bi mí ni pé, "Mélòó ló kó bọ̀?" Ìbéèrè sójà nìyẹn. Ní gbogbo àríyànjiyàn ọ̀nà Ìdírókò tí mo ti gbọ́, kò sí ẹni tó bèèrè rẹ̀ rí.

Àwọn kan á ní kí ló kàn wá pẹ̀lú àmì ẹ̀yẹ òyìnbó. Lóòótọ́, ti òyìnbó ni, òfin rẹ̀ sì ní ẹ̀yà tirẹ̀: nígbà náà, Military Cross kò wà fún sójà lásán, àwọn ọ̀gá ni wọ́n ń fi dá lọ́lá. Àwọn tó gbé ara wọn jáde pẹ̀lú Fájuyì kò lè gbà á, a kò sì mọ orúkọ wọn. Mo bá ẹni tó bá bínú sí ìyẹn bínú. Ṣùgbọ́n àwọn tí ó kó jáde kì í ṣe òyìnbó. Ọmọ Nàìjíríà ni wọ́n, ọ̀pọ̀ ọmọ ogun kékeré nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun wa nígbà náà sì jẹ́ ọmọ Àríwá. Ẹ̀mí tí Fájuyì gbà là ní Katanga kò ní ìlà ojú Èkìtì. Bóyá ìdí mìíràn nìyẹn tí ìtàn náà kò fi wúlò fún àwa tí a fẹ́ fi Fájuyì ṣe ẹ̀rí pé Yorùbá sàn ju ẹlòmíràn lọ.

Àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ kejì, èyí tó tilẹ̀ ṣáájú, sọ ohun kan náà. Ọdún 1951 ni, Fájuyì jẹ́ sájẹ́ǹtì. Àwọn ọmọ ogun inú ẹgbẹ́ rẹ̀ bínú nítorí oúnjẹ tí wọ́n ń fún wọn, wọ́n fẹ́ dìtẹ̀. Ó wà lára àwọn tó pa iná náà kó tó ràn, wọ́n sì fún un ní British Empire Medal. Ẹ lè ní ó ṣiṣẹ́ fún ọ̀gá òyìnbó lórí ebi àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, mi ò ní jà yín níyàn pátápátá. Àmọ́ ẹni tó bá mọ ohun tí wọ́n ń fi sójà tó bá dìtẹ̀ ṣe nígbà náà, á mọ̀ pé kì í ṣe ọ̀gá nìkan ni ẹ̀mí rẹ̀ wà nínú ewu lọ́jọ́ yẹn.

Ẹ wá fi ojú kan wo méjèèjì. Ní 1951 kò jẹ́ kí ìbọn dún. Ní 1961, ìbọn ti dún, ó kó ènìyàn jáde lábẹ́ rẹ̀. Ohun tí wọ́n dá Fájuyì lọ́lá fún nígbà tó wà láàyè ni ẹ̀mí tó gbà là. Ohun tí àwa ń dá a lọ́lá fún ni ikú rẹ̀. Yorùbá ti wí i tipẹ́ pé ọjọ́ a bá kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ó ti yẹ kí ojú ti máa tì wá bí a ṣe ń mú un ṣẹ.

Mo mọ ohun tí wọ́n á fi dá mi lóhùn: ikú yá ju ẹ̀sín. Wọ́n á ní bó bá fa àlejò náà lé wọn lọ́wọ́ tó sì yè, ojú wo ni ì bá fi wo Adó-Èkìtì? Ọ̀rọ̀ ńlá ni, mi ò fojú kéré rẹ̀. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká bi àwọn tó ni òwe náà bí wọ́n ṣe ń ka akọni ogun. Ògèdèngbé Agbógungbórò, tó ṣáájú Èkìtì Parapọ̀ nínú ogun Kírìjì tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, Ìbàdàn mú un rí, ó bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́, ó tún padà wá bá wọn jà. Inú ilé rẹ̀ ní Iléṣà ló kú sí ní 1910, ó ti di Ọbańlá. Fábùnmi Òkè-Ìmẹ̀sí tó dá iná ogun yẹn sílẹ̀, kì í ṣe ojú ogun ló kú sí. Ta ló bi wọ́n rí pé kí ló dé tí wọn ò kú? Oríkì akọni wa kún fún ẹni tó ṣẹ́gun, ẹni tó gba ìlú là, ẹni tó kó ọmọ ènìyàn bọ̀ láti oko ẹrú. Èkìtì tó bí Fájuyì ló bí ìtàn wọ̀nyẹn. Ibo la ti wá rí i pé àfi kí ènìyàn kú kó tó lè jẹ́ akọni?

Ẹlòmíràn á mú ọ̀rọ̀ wá láti ibòmíràn. Á ní àwọn Ìgbò, tí Ironsi jẹ́ ọmọ wọn, ń fi Fájuyì ṣe ìrántí rere wa, ìtàn yìí ló kù tó so àwa àti wọn pọ̀, kí ló dé tí mo fẹ́ já okùn náà? Mi ò já a. Ohun tí mo ń sọ ni pé àkọlé tí a lẹ̀ mọ́ ara wa ni, pé onílé rere ni wá, ó sì yẹ kí ẹni tó lẹ irú rẹ̀ mọ́ ara gbà kí wọ́n yẹ ilé rẹ̀ wò. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò níbí, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, nítorí Ìbàdàn kọ́ ni ìdìtẹ̀ oṣù Keje ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́òkúta ni. Nínú báréke Abẹ́òkúta, tí Fájuyì fúnra rẹ̀ ṣe olórí rẹ̀ kó tó di gómìnà, ni wọ́n ti kọ́kọ́ yìnbọn lóru yẹn. Wọ́n pa Lẹfutẹ́náǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì Gabriel Okonweze, ẹni tó wà níbẹ̀ bí olórí. Wọ́n pa Mejọ John Obienu. Wọ́n pa Lẹfutẹ́náǹtì Orok. Kò sí ọmọ Yorùbá nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Àlejò wa ni wọ́n, bí ó bá jẹ́ pé ọ̀rọ̀ àlejò la ń sọ lóòótọ́. Láti Ìjù sí Abẹ́òkúta, ẹni tó bá tètè jáde láàárọ̀ á ti dé kí oòrùn tó mú. Ẹ wá ẹni kan fún mi lójú ọ̀nà yẹn tó lè dárúkọ ọ̀kan nínú wọn.

Mi ò fi èyí bú Ẹ̀gbá, kò sí ohun tí ẹni tó sùn sí ilé rẹ̀ lè ṣe sí ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú báréke. Ohun tí mò ń fà yọ ni pé ìtàn tí ó ń yìn wá la rántí, èyí tí kò yìn wá la gbàgbé. Wọ́n ń pe ìyẹn ní ìrántí ọmọ ogun. Ara wa là ń rántí.

Ohun tó tún jọ mí lójú ni pé Kóńgò ni onílé àti àlejò ti jọ wá. Ironsi náà lọ síbẹ̀. Ní 1964, òun ni olórí gbogbo ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tó kù níbẹ̀, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò yẹn. Danjuma tó wá mú wọn náà lọ sí Kóńgò. Ọbásanjọ́, tó ni oko ńlá tí gbogbo ará Ọ̀tà mọ̀, lọ síbẹ̀, àwọn ọlọ̀tẹ̀ mú un, díẹ̀ ló kù kí wọ́n pa á. Ẹ̀kọ́ iṣẹ́ tí ọ̀wọ́ sójà yẹn kọ́ ní Katanga àti Bukavu ni wọ́n kó bọ̀ wálé, a kò sì kọ ọ́ sínú ìwé tí ọmọ Ìjù lè kà nílé ìwé. Àwọn ọmọ tó ń gbé inú Fájuyì Hall ní Ifẹ̀ ń sùn lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lálaalẹ́. Báréke Odógbo ní Ìbàdàn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọgbà ìtura ńjẹ́ ẹ l'Adó, títì ńjẹ́ ẹ n'Íkẹjà. Orúkọ pọ̀ ju ìtàn lọ.

Ta ló jàǹfààní rẹ̀ bí a bá sọ ìgboyà di ọ̀nà tí ènìyàn gbà kú? Ìjọba ni. Ìtàn onílé àti àlejò kò bi ìjọba ní ìbéèrè kan. Ọ̀rọ̀ ìwà ọmọlúàbí ni, láàárín ẹni méjì, nínú ilé kan. Kò sọ pé ìjọba kan náà tó ń fi òdòdó sí ojú oórì ni kò kéde ikú Fájuyì àti Ironsi láti oṣù Keje 1966 títí di oṣù Kìn-ín-ní 1967, lẹ́yìn tí àwọn olórí ológun ti ìpàdé Aburi dé láti Gánà. Nǹkan bí oṣù mẹ́fà! Ẹbí ń gbọ́ ọ lójú pópó pé ó ti kú, ìjọba kò lanu. Ẹ̀yìn ìyẹn ni wọ́n tó wá gbé òkú rẹ̀ lọ sin sí Adó-Èkìtì pẹ̀lú ẹ̀yẹ.

Ìtàn Katanga, ní tirẹ̀, máa ń bi ìjọba ní ìbéèrè. Bí a bá gbà pé iṣẹ́ ọ̀gá ológun ni láti kó àwọn ọmọ rẹ̀ bọ̀, a ó ní láti bèèrè pé kí ni ìjọba fi sí i lọ́wọ́ láti kó wọn bọ̀. Ní ọjọ́ 4, oṣù Kọkànlá, ọdún 2016, Boko Haram pa Lẹfutẹ́náǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì Muhammad Abu Ali ní Mallam Fatori, ìpínlẹ̀ Borno. Ọ̀gá àwọn ọkọ̀ ogun ni, wọ́n ti gbé e ga sípò ní ọdún 2015 lójú ogun nítorí akin rẹ̀. Gbogbo Nàìjíríà ló sunkún rẹ̀, àwòrán rẹ̀ kún orí fóònù àwọn ènìyàn títí kan àwọn tí kò mọ ibi tí Borno wà. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní ọjọ́ 18, oṣù Kọkànlá, ọdún 2018, wọ́n kọlu báréke ojú ogun ní Metele, wọ́n pa Lẹfutẹ́náǹtì-Kọ́nẹ́ẹ̀lì Sakaba tó jẹ́ olórí ibẹ̀ pẹ̀lú ọ̀pọ̀ ọmọ ogun. A tún sunkún. A pè wọ́n ní akọni tó fi ẹ̀mí jì fún ilẹ̀ baba wọn. Ó dùn létí, ó sì rọrùn ju kí a béèrè ìdí tí àwọn tó kọlù wọ́n fi ráyè dé ibi tí wọ́n dé, àti irú ohun ìjà tó wà lọ́wọ́ àwọn sójà wa láti fi gba ara wọn là. Bí ikú bá ti di ẹwà, ẹni tó jẹ́ kó ṣẹlẹ̀ kò jẹ̀bi mọ́.

Gbogbo ọjọ́ 15, oṣù Kìn-ín-ní, a máa ń ṣe ìrántí ọdọọdún fún àwọn ológun tó kú. Tẹ́lẹ̀, ọjọ́ 11, oṣù Kọkànlá ni, bí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe ń ṣe tiwọn. Nígbà tí ogun Bìáfúrà parí ní 1970 ni wọ́n gbé e wá sí ọjọ́ tí Bìáfúrà túúbá. Ó kàn jẹ́ pé ọjọ́ yẹn náà ni ìdìtẹ̀ àkọ́kọ́ ṣẹlẹ̀ ní 1966, tí ó fi jẹ́ pé ọjọ́ kan náà là ń fi rántí àwọn ológun tó kú àti ọjọ́ tí àwọn ológun bẹ̀rẹ̀ sí í pa ara wọn. Wọ́n á yìnbọn sókè, wọ́n á fi òdòdó lélẹ̀, gómìnà á tú ẹyẹlé sílẹ̀. Wọ́n á fi báàjì kékeré yẹn sí agbádá. Bàbá géètì ní Ìjù kì í lọ. Ó ní kò sí ẹni tó pè é, àti pé ọjọ́ iṣẹ́ ni. Kò bínú nígbà tó ń sọ ọ́. Nípa owó ìfẹ̀yìntì lojú rẹ̀ tó yí padà, mi ò sì ní sọ ohun tó wí níbí. Ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn ló mọ̀ pé àwọn sójà tó ti fẹ̀yìn tì ti lọ dí ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ ètò ìnáwó ní Àbújá ju ẹ̀ẹ̀kan lọ nítorí owó wọn. Àwọn tí a kó bọ̀ láàyè nìyẹn. Kò sí ẹyẹlé fún wọn.

Ṣé mo ń ní kí a má sọ ti àlejò mọ́? Rárá. Ẹ sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ sọ ọ́ níbi tó ti yẹ, ní ẹ̀yìn ohun tó ṣáájú rẹ̀. Ẹni tó pa iná ọ̀tẹ̀ lórí oúnjẹ ní 1951, tó kó kọ́ńpínì kan jáde nínú ibùba ní 1961, tí wọ́n fi joyè gómìnà ní ẹkùn tí iná wẹ́tìẹ̀ ìdìbò 1965 ṣì ń rú èéfín, kí ni ẹ rò pé irú ẹni bẹ́ẹ̀ máa ṣe tí wọ́n bá gbé ìbọn wá sí ilé rẹ̀ nítorí àlejò? Bó bá yọ̀ǹda ara rẹ̀, ohun tí ó ti ń ṣe látọjọ́ pípẹ́ ló ṣe. Bó bá sì jẹ́ pé wọ́n wá mú òun náà ni, bí ẹni kejì nínú ọkọ̀ ṣe wí, kò sí ohun tó yí padà nínú Katanga. Ẹni kejì kò ní ohun ìjà kankan tó lè kan ibẹ̀.

Mo ní ohun kan tí mo fẹ́ kí àwọn tó ń ṣètò ìrántí rẹ̀ ṣe, ní Adó, ní Ìbàdàn, àti ní ilé ìwé èyíkéyìí lójú ọ̀nà Ìdírókò tó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ nípa rẹ̀ ní oṣù Keje. Kí wọ́n ka ìgbésí ayé rẹ̀ bó ṣe wà, láti ìbẹ̀rẹ̀. Wọ́n bí i ní ọjọ́ 26, oṣù Kẹfà, ọdún 1926. Ó wọṣẹ́ ológun ní 1943, sójà lásán. Ọdún 1951, àmì ẹ̀yẹ àkọ́kọ́. Ọdún 1954, ó lọ kọ́ṣẹ́ ọ̀gá ní Eaton Hall nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọdún 1961, Katanga, kí wọ́n dúró níbẹ̀ dáadáa, kí wọ́n tẹ́ máàpù sílẹ̀, kí wọ́n fi Niemba han àwọn ọmọ, kí wọ́n sì bi wọ́n ohun tí ọ̀gá gbọ́dọ̀ ṣe láti kó àwọn ènìyàn rẹ̀ jáde. Lẹ́yìn náà, Enúgu, níbi tó ti jẹ́ ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó ṣe olórí bàtálíọ̀nù kìn-ín-ní. Lẹ́yìn rẹ̀, Abẹ́òkúta, kí wọ́n dárúkọ Okonweze, Obienu àti Orok níbẹ̀. Kí Agodi àti Lálúpọn wá gbẹ̀yìn, kí wọ́n má sì gba ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ.